Ẹni Tó Di Fóònù Mú

Ẹni tó bá sọ pé olùkọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ yunifásítì láti inú ilé, ìjókòó lásán ló jókòó, kó wá síbí kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí Elérùpẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn, ṣùgbọ́n ó ń dunni dé egungun. Àwọn tó fìyà jẹ ẹ́ ṣì wà nípò, aṣọ wọn ò sì dọ̀tí. Àfi ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Erùpẹ̀ ni iṣẹ́ obìnrin yìí. Ìyá ẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n á wá a títí, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n á ti bá a, erùpẹ̀ á ti kún ẹnu ẹ̀ bámúbámú. "Mo na ọmọ yìí títí ọwọ́ fi ro mí," ìyá á ní. "Èmi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń kọ́." Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó di olùkọ́ ní yunifásítì, ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àdúgbò ló kọ́kọ́ ń pè é ní Àǹtí Elérùpẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì bá wọn gbé e, òun náà ò sì bínú sí i.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló fi ń kọ́ wọn o. Ọwọ́ ni. Bu erùpẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ta omi sí i, pò ó, fi àtàǹpàkò tì í kó máa yọ gbọọrọ bí okùn bàtà. Tó bá já kíá, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Tó bá gùn tí kò já, amọ̀ ni. Tó bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí ìyẹ̀fun tó rin, ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì, òun gan-an ló ń tan èèyàn jẹ.

"Ojú á purọ́ fún yín," ó máa ń sọ fún wọn. "Ìka ò ní purọ́."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, odò tó wà lẹ́yìn yunifásítì kún àkúnya. Omi wọ kíláàsì, ó wọ ọ́fíìsì, ó wọ yàrá tí Àǹtí Elérùpẹ̀ kó ìgò erùpẹ̀ ẹ̀ sí, ìgò tó ti ń kó jọ láti ìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀, tó kọ ibi tó ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Nígbà tí omi fà, gbogbo ẹ̀ ti di ẹrẹ̀ kan ṣoṣo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ bi í pé, "Àǹtí, ṣé ká kó o dà nù?"

Ó ní, "Ẹ kó o dà nù. Ó ti relé."

Àwọn aláṣẹ ní kí kálukú lọ jókòó sílé ẹ̀, kí olùkọ́ máa kọ́ni látorí kọ̀ǹpútà, kí ọmọ máa gbọ́ látorí tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn lẹ́nu ẹni tí ò ní í ṣe é. Wọ́n fi ààpù kan ránṣẹ́, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà kíláàsì báyìí. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, tó fi ojú ẹ̀ hàn, ẹ̀rọ á kà á. Ọmọ tí ẹ̀rọ ò bá kà tó, kò ní ṣe ìdánwò. Ẹni tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ ni akọ̀wé àgbà yunifásítì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Òfin. Irú ẹni tó jẹ́ pé tí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí iná náà ni.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ti inú gíláàsì kọ́ ọwọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ kọ́ ni Àǹtí Elérùpẹ̀ ń kọ́ wọn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dá ojú ẹ̀ dúró, ẹnu á yà sílẹ̀ bíi ti ẹni tí egungun há lọ́fun. Ọmọ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òmíràn wà nínú mọ́tò, òmíràn gbé fóònù sílẹ̀ ó lọ wẹ̀, gbogbo kíláàsì ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin. Ìyá Àǹtí, tó ti darúgbó tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, jókòó sórí àga ẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wò ó.

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, Màámi."

"Wọ́n dá ọ lóhùn?"

"Rárá."

"Hẹ̀n. Máa bá a lọ. Bí èèyàn bá bá ògiri sọ̀rọ̀ pẹ́, ògiri náà á wúkọ́."

Ó bá a lọ lóòótọ́. Ó ní kí kálukú lọ gbẹ́ erùpẹ̀ ẹ̀yìn ilé ẹ̀, kí wọ́n gbé abọ́ omi síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa fi ẹnu sọ ohun tí ìka ń sọ fún wọn. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, ìkejì á ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn dé, oorun sá. Ọmọ kan da omi ẹrẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bàbá ẹ̀, bàbá ń pariwo lẹ́yìn, ọmọ ń pariwo níwájú pé, "Amọ̀ ni, mà! Ó ti gùn, kò já!" Àǹtí Elérùpẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ẹnì kan ló kù tí ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì mìíràn wá sọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i sójú tí omi fi lé wọn relé. Ó pe olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò. Ààpù yẹn ò lè ṣí lábúlé wa. Pípè lásán ló ń lọ, ìyẹn náà, àfi téèyàn bá gun òkè."

"Ibo lo wà báyìí?"

"Orí àpáta ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni mà. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó gé nìyẹn."

"Kí ni bàbá ẹ wí?"

"Ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní tí ìkejì bá tún bọ́, kí n jókòó sílé kí n wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Má sọ̀ kalẹ̀," Àǹtí Elérùpẹ̀ wí. "Jókòó sórí àpáta ẹ. Èmi ni mo máa pè ọ́."

Bó ṣe di pé wọ́n ń fi fóònù lásán kọ́ ọmọ yunifásítì nìyẹn. Tí kíláàsì bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àǹtí á pe ọmọ náà, á gbé fóònù sẹ́bàá kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù, ariwo kan á ta, fíììì, bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó ha irin. Tó bá sì jìnnà jù, ọmọ náà ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibi tó yẹ kó wà ò sí lórí tábìlì, àárín òfuurufú ló wà.

Ìyá àgbà na ọwọ́. "Gbé e wá. Kí lọwọ́ tèmi ń ṣe?"

Láti ọjọ́ náà lọ, obìnrin àgbàlagbà tí ò ka ìwé kankan rí di tábìlì yunifásítì. Á jókòó ti ọmọ ẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì gbé fóònù dúró sí ọ̀gangan ibẹ̀, kò ní mira títí kíláàsì fi máa parí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ gbé fóònù setí.

"Ọmọ Orí Àpáta, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá àgbà. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, ó ń fìyà jẹ mí. Ó yá, gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kò yàtọ̀ lọ́jọ́ kankan, bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Tí ọmọ náà bá ní ìbéèrè, á sọ ọ́ sétí Ìyá àgbà, Ìyá àgbà á sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ á wá sọ ọ́ fún kíláàsì pé, "Ọmọ Orí Àpáta ń béèrè pé..." Kíláàsì ò gbọ́ ohùn ẹ̀ fúnra ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Àǹtí Elérùpẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè tó le: erùpẹ̀ kan gùn gbọọrọ lábẹ́ àtàǹpàkò, síbẹ̀ ó ń ha ìka, irú ilẹ̀ wo ni? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó tún bi wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Ọmọ orí àpáta ti sọ ọ́, àsọtúnsọ, inú fóònù nìkan ló wà. Ara Ìyá àgbà ò gbà á mọ́. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún ẹ̀, ó ti fóònù bọ ẹnu kọ̀ǹpútà.

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó wà lórí òkúta ti sọ ọ́! Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ òrùlé ò rí ẹnu ni?"

Fíììì! Gbogbo kíláàsì já ẹ̀rọ etí wọn bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà sáré fi síkáàfù orí ẹ̀ we fóònù kó lè panu mọ́. Ojú ti ọmọ ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, inú ti bí i kó tó mọ ohun tó ń wí.

"Màámi! Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má dójú tì mí!"

Ìyá àgbà padà jókòó. Ó ní, "Mo gbọ́." Láti ọjọ́ yẹn, ó ń fi síkáàfù we fóònù, kò sì bá kíláàsì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ parí. Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn wọlé láti fèrèsé, Ìyá àgbà sùn lórí àga ẹ̀, kò jí mọ́. Kò ṣàìsàn, kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n sin ín. Àwọn tó wá kẹ́dùn lọ. Àǹtí Elérùpẹ̀ yí àga náà kọjú sí ògiri, torí kò lè máa wò ó lófìfo.

Inú ọ̀fọ̀ yìí ló wà tí ọ́fíìsì fi fi orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò ránṣẹ́. Ọmọ Orí Àpáta ò sí níbẹ̀. Àǹtí Elérùpẹ̀ pe Bàbá Òfin.

"Ẹ̀rọ ò ka ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," Bàbá Òfin wí.

"Orí fóònù ló wà, ọ̀gá. Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ìbéèrè ẹ̀. Mo ní gbogbo ìgbà tí mo pè é nínú fóònù mi."

"Ìyẹn ń sọ pé ẹ pè é. Ṣé ó sọ ohun tẹ́ ẹ jọ sọ? Ó lè jẹ́ pé ẹ kàn ń kí ara yín. Wàhálà ilé akẹ́kọ̀ọ́ ò sí lọ́rùn mi, Madam. Ẹni tí ò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, olè la máa ń pè é."

"Olè? Ọmọ tó jókòó sínú oòrùn lórí òkúta kó lè gbọ́ ẹ̀kọ́?"

"Ẹlẹ́rìí yín dà?"

Ẹlẹ́rìí ẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ó gbé fóònù kúrò létí.

Ọ́fíìsì bi àwọn ọmọ kíláàsì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí olóòótọ́ tó máa fi òótọ́ pa wá. Àwọn ọmọ náà ní àwọn ò rí ẹni tó ń jẹ́ Ọmọ Orí Àpáta rí, àwọn ò sì gbọ́ ohùn ẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé Àǹtí ló dá a sílẹ̀, pé tó bá ti rí i pé ojú ń tì wọ́n láti béèrè nǹkan, á fi orúkọ yẹn béèrè ẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Ó dùn mọ́ wa gan-an ni. A máa ń dúró dè é." Ẹ wo ohun tí inú rere sọ èèyàn dà: ọmọ tó ń mí di àlọ́.

Bàbá Òfin ní kí olùkọ́ wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Tí kò bá lè fi hàn pé ọmọ náà wà ní kíláàsì, ọdún ọmọ náà ti lọ nìyẹn.

Ohun kan wà lọ́wọ́ Àǹtí Elérùpẹ̀. Ó máa ń gba ohùn kíláàsì sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lọ́wọ́ wọn. Ohùn ọmọ náà ò sí nínú ẹ̀, àfi bó bá wà nínú ti ọjọ́ ariwo yẹn, nígbà tí Ìyá àgbà ti fóònù bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ yẹn náà ló pariwo mọ́ ìyá ẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó pa á dé. Ó lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó padà wá, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Ilẹ̀ ọjọ́ ẹjọ́ mọ́, kò tíì gbọ́ ọ.

Orí kọ̀ǹpútà náà ni ìgbìmọ̀ ti jókòó, torí odò ò tíì dá ilé wọn padà fún wọn. Alága jẹ́ obìnrin kan tó ti ń kọ́ni tipẹ́, onísùúrù èèyàn, ojú ẹ̀ hàn kedere. Níbi tó yẹ kójú Bàbá Òfin wà, dúdú ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ojú yín dà?" Alága bi í.

"Kámẹ́rà mi ò ṣiṣẹ́ lónìí."

"Ṣé ká kà yín mọ́ àwọn tó wá, àbí ká má kà yín?"

Bàbá Òfin wúkọ́. Ògiri wúkọ́ nígbẹ̀yìn.

Àǹtí Elérùpẹ̀ ti pe ọmọ náà sórí àpáta. Kò sẹ́ni tó máa bá a di fóònù mú. Ó yí àga ìyá ẹ̀ padà kúrò lójú ògiri, ó fà á sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi síkáàfù we fóònù, ó fi ẹ̀yìn fóònù ti àga, ó ń sún un títí ohùn ọmọ náà fi jáde sí wọn láìhan.

"Ẹ káàsán mà," ọmọ náà wí.

"Ohùn èèyàn kan la gbọ́," Bàbá Òfin wí. "Èèyàn lè gba iṣẹ́ láti wá sọ̀rọ̀. Kí ló fi hàn pé òun ló wà níbẹ̀ nígbà náà?"

Àǹtí Elérùpẹ̀ wá ohùn ọjọ́ ariwo yẹn, ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo àga tí wọ́n ń fà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà, tó súnmọ́ tòsí bíi pé ó wà nínú yàrá.

"Ọmọ Orí Àpáta, o ti jẹun?"

Kọ̀ǹpútà dákẹ́ níbẹ̀, torí ohun tí ọmọ náà fèsì lọ́jọ́ yẹn, etí Ìyá àgbà nìkan ló wọ̀. Ṣùgbọ́n láti inú síkáàfù, lórí àga, ọmọ náà dáhùn kíá, pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó ti ń retí i:

"Mo ti jẹun, Ìyá àgbà! Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀," ohùn náà wí láti inú kọ̀ǹpútà, "ó ń fìyà jẹ mí. Ó yá, gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹ."

"Mo ń gbọ́, Ìyá àgbà. Ó mà ti pẹ́ o! Ṣé ẹ wà dáadáa?"

Kò sí èsì. Àǹtí Elérùpẹ̀ ti dá a dúró. Alága yọ gíláàsì ojú ẹ̀.

"Ta nìyẹn, Madam?"

"Ìyá mi ni. Àwọn ló ń bá mi di fóònù mú." Ó gbé ọwọ́ lé síkáàfù náà. "Ọmọ mi, gbọ́ mi. Ìyá àgbà ti lọ. Lẹ́yìn kíláàsì wa tó gbẹ̀yìn ni. Mi ò tíì lè sọ fún ọ."

Wọ́n gbọ́ atẹ́gùn orí àpáta. Wọ́n gbọ́ ọmọ náà bó ṣe ń sunkún, tó ń gbìyànjú kí wọ́n má gbọ́.

"Ṣé ká tẹ ìyókù?" Àǹtí Elérùpẹ̀ bi wọ́n.

"Ó tó," Alága wí. "Ọmọ yìí máa ṣe ìdánwò. Ọ̀gá, ẹ ní ọ̀rọ̀ kankan?"

Ibi dúdú yẹn kàn kúrò níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà kúrú bí ìrù ehoro. Wọ́n ní àwọn ti fi orúkọ kún orúkọ. Kò sí ẹ pẹ̀lẹ́, kò sí a ṣì yín gbọ́, kò sí ẹ kú àsẹ̀yìndè ìyá. Tẹ́ ẹ bá pàdé Bàbá Òfin lónìí, á ní òfin ni wọ́n ń tẹ̀lé. Èwo nínú òfin ló ní kí wọ́n pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè?

Lọ́sàn-án ọjọ́ ẹjọ́ yẹn kan náà, Àǹtí Elérùpẹ̀ jókòó ti àga ìyá ẹ̀, ó tẹ ìyókù. Ó gbọ́ ìbéèrè tó le. Ó gbọ́ ìdákẹ́. Ó gbọ́ ariwo, ó gbọ́ ohùn ara ẹ̀ tó ń jágbe mọ́ ìyá ẹ̀, ó di etí, ṣùgbọ́n kò pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí òun fúnra ẹ̀ ti padà sídìí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn tí kò fetí sílẹ̀ mọ́, ó gbọ́ ìyá ẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú fóònù.

"Má bínú, ọmọ mi. Inú kọ́ ló ń bí i. Iṣẹ́ yẹn ni ò rọrùn. Fi ọkàn balẹ̀, mo dì ọ́ mú."

Ọmọ Orí Àpáta wá láti ṣe ìdánwò nígbà tí wọ́n tún ibi kan ṣe nínú yunifásítì. Ọmọ gíga, tínrín, oòrùn ti sọ awọ ẹ̀ di dúdú. Àwọn ọmọ kíláàsì ń wò ó bí ẹni tó ti inú ìtàn jáde, ọ̀kan tiẹ̀ fọwọ́ kàn án lápá. Nígbà tó parí, ó ní kí Àǹtí mú òun lọ síbi tí wọ́n sin Ìyá àgbà sí.

Wọ́n dúró níbẹ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣì tuntun. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu díẹ̀, bóyá kò mọ̀ pé òun ń ṣe é, ó ta omi ike ọwọ́ ẹ̀ sí i, ó pò ó, ó fi àtàǹpàkò tì í. Ó gùn, ó gùn, kò já. Ó gbé e sún mọ́ etí, ó fi ìka ra á kó lè gbọ́ bó ṣe ń ha.

"Amọ̀ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n yanrìn wà nínú ẹ̀, ó ń ha ọwọ́."

"Ìbéèrè ọjọ́ yẹn nìyẹn," Àǹtí Elérùpẹ̀ wí.

"Mo dáhùn ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mà. Ẹ ò gbọ́ ni."

"Mo ti gbọ́ báyìí."

Ọmọ náà rọra dá erùpẹ̀ náà padà síbi tó ti bù ú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dọ́gba.